Ẹ̀rọ àti Ọ̀ta: Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Lágbára Tó Nídìí Ṣẹ́ẹ̀sì

Òǹkà ni àjọ FIDE, tó ń ṣàkóso eré ṣẹ́ẹ̀sì lágbàáyé, fi ń mọ bí agbára atayò kan ṣe tó. Èyí tó ga jù lọ tí ẹ̀dá ènìyàn tíì ní ni 2882. Magnus Carlsen, ọmọ orílẹ̀-èdè Norway, ló dé ibẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2014. Àwọn kọ̀ǹpútà tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì náà ní àkójọ òǹkà tiwọn, níbi tí Stockfish, ètò kan tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó sì fi sínú fóònù rẹ̀, ti kọjá 3600. Ohun tó wà láàárín àwọn méjèèjì lé ní 700.

Arpad Elo ló ṣe ìṣirò tí wọ́n ń lò fún òǹkà yìí. Ọmọ Hungary ni, Amẹ́ríkà ló sì ti ṣe olùkọ́ ìmọ̀ físíìsì ní ìlú Milwaukee. Bí ìṣirò rẹ̀ ṣe lọ ni pé bí atayò kan bá fi 200 ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ, nínú gbogbo 100 àmì tí wọ́n bá jọ ń dù, nǹkan bíi 76 ni ó yẹ kó kó lọ. Bí ó bá fi 400 jù ú, yóò kó nǹkan bíi 91. Bí ó bá wá di 700, ẹni tó kéré lágbára kò ní rí ju nǹkan bí àmì méjì gbà nínú ọgọ́rùn-ún, ọ̀mì díẹ̀ tó bá rí ta níbì kan ni yóò sì fún un ní ìyẹn náà. Àmọ́ ó yẹ kí ènìyàn fura sí fífi òǹkà méjèèjì yìí wé ara wọn. Ènìyàn pẹ̀lú ènìyàn ló ń ta kí 2882 tó jáde. Ẹ̀rọ pẹ̀lú ẹ̀rọ ló ń ta kí 3600 tó jáde. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀rọ àti ènìyàn ti jókòó pọ̀ ní iye ìgbà tó lè so òǹkà méjèèjì pọ̀ dáadáa. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó lè sọ ní pàtó bí ẹ̀rọ ṣe ju ènìyàn lọ tó. Pé ó jù ú lọ, kò sẹ́ni tó ń jiyàn èyí mọ́ nínú àwọn tó mọ eré náà.

Níbo ni agbára náà ti wá? Ní ọdún 1950, Claude Shannon, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí bí wọ́n ṣe lè kọ́ kọ̀ǹpútà ní ṣẹ́ẹ̀sì, ohun tó sì kọ níbẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ṣì ń tẹ̀ lé títí di òní. Ó ṣàkíyèsí pé bí ó bá kan atayò láti ta, nǹkan bí ọgbọ̀n ìgbésẹ̀ ló sábà máa ń wà níwájú rẹ̀ tó lè yàn nínú wọn. Bí ó bá yan ọ̀kan, alátakò rẹ̀ náà yóò ní nǹkan bí ọgbọ̀n tirẹ̀. Ìgbésẹ̀ kan péré láti ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ti di nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọ̀nà. Bí ayò bá dé ogójì ìgbésẹ̀, Shannon ṣírò rẹ̀ pé iye ọ̀nà tí ó lè gbà lọ yóò di ení tí òdo 120 tẹ̀ lé lẹ́yìn. Kò sí ẹ̀rọ tó lè ka ìyẹn tán. Iṣẹ́ méjì ló wá kù fún kọ̀ǹpútà: kó wo iwájú títí dé ibi tí agbára rẹ̀ bá mọ, kó sì lè sọ, nígbà tó bá dúró, bóyá ohun tó rí níbẹ̀ dára tàbí kò dára.

Ọgbọ́n kan ló jẹ́ kí iṣẹ́ àkọ́kọ́ yìí rọrùn, òun sì ni pípa ẹ̀ka tí kò wúlò tì. Ká ní ẹ̀rọ ń ronú àtigbé ayaba rẹ̀ sí ojú ibì kan, ó sì wá rí i pé ọmọ-ogun alátakò lè jẹ ẹ́ níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Kò ní láti yẹ èsì mọ́kàndínlọ́gbọ̀n yòókù wò mọ́, nítorí ẹyọ kan yẹn ti ba ìgbésẹ̀ náà jẹ́. Ọ̀nà yìí ń gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ iṣẹ́ tó pọ̀ gan-an. Ní ti iṣẹ́ kejì, àwọn ètò àtijọ́ kàn ń ṣírò ohun tó wà lójú pátákó ni: ayaba jẹ́ 9, rúùkù 5, bíṣọ́ọ̀bù àti ẹṣin 3-3, ọmọ-ogun 1. Wọ́n á wá fi díẹ̀ kún un bí ọba bá wà lábẹ́ ààbò, wọ́n á yọ díẹ̀ kúrò bí àwọn ọmọ-ogun bá fọ́n ká. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn fún nǹkan bí àádọ́rin ọdún.

Alan Turing, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti bẹ̀rẹ̀ kí Shannon tó kọ ìwé rẹ̀. Ní ọdún 1948, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ David Champernowne kọ ètò kan sílẹ̀ nígbà tí kò tíì sí kọ̀ǹpútà tó lè ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ní 1952, Turing fi bébà àti bírò ṣe kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀: ó ń tẹ̀ lé òfin ètò náà lẹ́sẹẹsẹ, ó sì ń gbà á ní àkókò gígùn kó tó rí ìgbésẹ̀ ẹyọ kan. Alick Glennie, ẹni tó bá a ta, kì í ṣe ọ̀ta rárá, ó sì na ètò náà.

Fún ogún ọdún lẹ́yìn ìyẹn, àwọn atayò ńlá kò ka ẹ̀rọ sí nǹkan. Ní ọdún 1968, David Levy, ọmọ Ìlú Ọba tó mọ ṣẹ́ẹ̀sì ta gan-an, bá àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ta tẹ́tẹ́ pé láàárín ọdún mẹ́wàá, kò sí ẹ̀rọ tí yóò na òun. John McCarthy wà nínú àwọn tó gba tẹ́tẹ́ náà, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ìmọ̀ ọgbọ́n àtọwọ́dá sílẹ̀. Levy jẹ tẹ́tẹ́ ọ̀hún. Ní ọdún 1978, ní ìlú Toronto, ó fi 3½ sí 1½ na Chess 4.7, ètò tí wọ́n kọ ní Yunifásítì Northwestern. Ṣùgbọ́n ayò kan tó pàdánù nínú ìdíje náà ti jẹ́ àmì ohun tó ń bọ̀. Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà, ó tún jókòó níwájú ẹ̀rọ mìíràn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Deep Thought. Ayò mẹ́rin ni wọ́n ta, ẹ̀rọ sì jẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Carnegie Mellon ló ṣe Deep Thought. Feng-hsiung Hsu, ọmọ Taiwan, ló ya àwòrán ṣíìpù tó gbé e ró. Ní 1988, ẹ̀rọ yìí na Bent Larsen ará Denmark nínú ìdíje kan ní California, ẹni tó ti fìgbà kan jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó mọ ṣẹ́ẹ̀sì jù láyé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Garry Kasparov, ọ̀gá àgbáyé ìgbà náà, bá a ta ayò méjì ní New York, ó sì jẹ méjèèjì láìwẹ̀yìn. Iléeṣẹ́ IBM gba Hsu àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ síṣẹ́, ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ni ó wá di Deep Blue.

Ní oṣù kejì ọdún 1996, ní ìlú Philadelphia, Deep Blue jẹ ayò àkọ́kọ́ nínú mẹ́fà. Kò tíì ṣẹlẹ̀ rí kí ọ̀gá àgbáyé tó wà lórí oyè pàdánù fún ẹ̀rọ nínú ayò tí wọ́n fún un ní àkókò tó péye láti ronú. Kasparov kó ara rẹ̀ jọ, ó jẹ mẹ́ta nínú márùn-ún tó kù, ó ta ọ̀mì méjì, ó sì borí pẹ̀lú 4 sí 2. Gbogbo ènìyàn gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. IBM kò gbà.

Deep Blue tó padà wá ní oṣù karùn-ún ọdún 1997 tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní ṣíìpù 480 tí wọ́n dìídì ṣe fún ṣẹ́ẹ̀sì nìkan, ó sì lè yẹ 200 mílíọ̀nù ipò wò ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Joel Benjamin, ará Amẹ́ríkà tó ní oyè grandmaster, èyí tó ga jù nínú ṣẹ́ẹ̀sì, ti fi oṣù púpọ̀ bá a ta kí wọ́n lè mọ ibi tó kù sí. Ilé gíga kan ní New York ni ẹ̀rọ náà àti Kasparov ti tún pàdé. Dọ́là 700,000 ni ti ẹni tó bá borí, 400,000 ni ti ẹni tó bá pàdánù. Kasparov jẹ ayò àkọ́kọ́.

Ayò kejì ló yẹ kí ènìyàn dúró wò dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọkàn Kasparov ti dàrú. Ẹ̀rọ ló ní funfun. Nígbà tí wọ́n ti ta tó ìgbésẹ̀ 35, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún ayaba Deep Blue láti wọnú ilé Kasparov, kó sì jẹ ọmọ-ogun. Kọ̀ǹpútà èyíkéyìí nígbà náà yóò sáré jẹ ẹ́, nítorí ohun tí wọ́n kọ́ wọn láti ṣe nìyẹn: bí ó bá rí nǹkan, kó mú un. Kasparov mọ èyí, ó sì ti dẹ pàkúté sílẹ̀ dè é. Deep Blue kò mú un. Ó gbé bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sí àárín pátákó, ó sì fi bẹ́ẹ̀ ti gbogbo ilẹ̀kùn tí alátakò rẹ̀ lè gbà yọ jáde. Irú sùúrù bẹ́ẹ̀ ti jọ ti ènìyàn jù lójú Kasparov. Ní ìgbésẹ̀ 45, ó túúbá, ó sì bínú kúrò níbẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn tó tú ayò náà palẹ̀ fi rí i pé kò yẹ kó túúbá rárá: ó ṣì lè máa fi ayaba rẹ̀ halẹ̀ mọ́ ọba ẹ̀rọ léraléra títí wọn yóò fi ta ọ̀mì. Ó gbà pé bí ọ̀nà àbáyọ bá wà, ẹ̀rọ ì bá ti rí i, ìdí nìyẹn tí òun kò fi wá a. Nígbà tó ń bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀, ó tọ́ka sí góòlù tí Maradona fi ọwọ́ gbá wọlé ní 1986, ó ń dọ́gbọ́n sọ pé ènìyàn kan ló wà lẹ́yìn ẹ̀rọ. Kò sí ẹ̀rí pé ó rí bẹ́ẹ̀.

Ayò mẹ́ta tó tẹ̀ lé e jẹ́ ọ̀mì. Nínú ìkẹfà, ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún, Kasparov lo ọ̀nà ìbẹ̀rẹ̀ kan tí kì í sábà lò, ó sì ṣi ètò rẹ̀ tò. Deep Blue jẹ́ kí ó jẹ ẹṣin kan lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì fi ìyẹn fọ́ ààbò ọba rẹ̀. Ìgbésẹ̀ 19 péré ni ayò náà fi parí, èsì gbogbo rẹ̀ sì di 3½ sí 2½. Kasparov ní kí wọ́n tún un ta, IBM kọ̀, wọ́n sì tú ẹ̀rọ náà palẹ̀. Apá kan rẹ̀ wà ní Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington báyìí, apá kejì wà ní California.

Ìròyìn káàkiri ayé ló sọ ní ọ̀sẹ̀ náà pé ẹ̀rọ ti ju ènìyàn lọ. Ó ti yá jù. Ayò mẹ́fà péré ni, àmì kan ni wọ́n fi jura wọn, ẹni tó pàdánù sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ju ọ̀mì kan nù. Láti mọ ẹni tó lágbára jù ní tòótọ́, ó gba ọdún mẹ́sàn-án sí i àti ọ̀pọ̀ ìdíje tí kò lókìkí tó ti 1997.

Ní ọdún 2002, ní ilẹ̀ Bahrain, Vladimir Kramnik ará Rọ́ṣíà, tó gba oyè lọ́wọ́ Kasparov, bá ètò Deep Fritz ta ayò mẹ́jọ, wọ́n sì pín in ní 4 sí 4. Kasparov ta 3 sí 3 pẹ̀lú Deep Junior, ètò àwọn ọmọ Ísírẹ́lì, ní 2003. Ní ọdún yẹn kan náà ó tún ta 2 sí 2 pẹ̀lú Fritz. Ènìyàn ṣì ń gbìyànjú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2005, Hydra, ẹ̀rọ ńlá kan tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní Abu Dhabi, pàdé Michael Adams ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tó wà lára àwọn mẹ́wàá tó mọ̀ ọ́n ta jù láyé lásìkò náà. Hydra jẹ márùn-ún nínú mẹ́fà, Adams rí ọ̀mì kan péré mú lọ sílé. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, àwọn mẹ́ta tó ti fìgbà kan gba adé FIDE kojú ẹ̀rọ mẹ́ta ní Bilbao ní ilẹ̀ Sípéènì, àwọn ẹ̀rọ sì borí pẹ̀lú 8 sí 4. Ayò kan ṣoṣo ni ènìyàn jẹ níbẹ̀. Ruslan Ponomariov, ọmọ Ukraine, ló jẹ ẹ́, lọ́wọ́ Fritz, ní ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá. Ayò náà ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ gẹ́gẹ́ bí ìgbà ìkẹyìn tí ènìyàn na ẹ̀rọ tó wà lókè téńté nínú ìdíje gidi tí kò sí ojúsàájú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá yanjú ni Bonn, ní Jámánì, ní òpin ọdún 2006. Kramnik tún pàdé Deep Fritz. Ẹ̀rọ náà kò tóbi bíi Deep Blue mọ́. Kọ̀ǹpútà tí ènìyàn lè rà ní ṣọ́ọ̀bù ló gbé e, nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́jọ ipò ló sì ń yẹ̀ wò ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó kéré púpọ̀ sí ti Deep Blue. Nínú ayò kejì, Kramnik ta dáadáa, ipò rẹ̀ kò sì burú rárá. Ó ronú, ó gbé ayaba rẹ̀ lọ sí ibi tó fẹ́ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, ó dìde, ó mú ife rẹ̀, ó fẹ́ máa lọ síbi tó ti ń sinmi. Mathias Feist, ẹni tó ń bá ẹ̀rọ gbé ọmọ ayò, ń wo pátákó, ó ń wo kọ̀ǹpútà, bí ẹni pé ojú rẹ̀ ń tàn án. Ayaba Fritz lè wọlé sí ẹ̀gbẹ́ ọba Kramnik lójú ẹsẹ̀, ẹṣin kan sì wà lẹ́yìn tó ń ṣọ́ ọ, kò síbi tí ọba lè sá gbà. Ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo, ayò parí. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ṣẹ́ẹ̀sì lọ́sẹ̀ kejì rẹ̀ ni wọ́n máa ń fi irú èyí dán wò. Kramnik fi ọwọ́ gbá iwájú orí rẹ̀ mú, ó fọwọ́ sí ìwé, ó lọ.

Kì í ṣe pé Kramnik kò mọ ṣẹ́ẹ̀sì. Òun ni ọ̀gá àgbáyé. Wákàtí mẹ́rin, márùn-ún tí ọpọlọ ń ṣiṣẹ́ láìsinmi, ojú a máa fo nǹkan. Ẹṣin tó ń ṣọ́ ayaba náà dúró níbi tí ẹṣin kì í sábà dúró sí, ojú Kramnik kò sì rí ewu níbẹ̀. Ẹ̀rọ kì í rẹ̀, kì í bínú nítorí ayò àná, gbogbo ojú pátákó ló sì ń wò lọ́gbọọgba. Kramnik tún pàdánù ayò kẹfà, 4 sí 2 ni èsì. Láti ìgbà náà, kò sí ọ̀gá àgbáyé tó tún bá ẹ̀rọ ta ìdíje gbọọrọ lójú kan náà. Kò sẹ́ni tí yóò náwó sí ohun tí wọ́n ti mọ àbájáde rẹ̀.

Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn Bonn, ní 2009, wọ́n gbé fóònù kan wọ ìdíje Copa Mercosur ní Buenos Aires. Pocket Fritz 4 ló wà nínú rẹ̀. Ó jẹ mẹ́sàn-án, ó ta ọ̀mì kan nínú ayò mẹ́wàá, ìṣe rẹ̀ sì dọ́gba pẹ̀lú ti ẹni tí òǹkà rẹ̀ jẹ́ 2898. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé fóònù yẹn kì í yẹ ju 20,000 ipò wò ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá kó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá irú rẹ̀ jọ ni wọn yóò tó sáré bíi Deep Blue, síbẹ̀ ó lágbára tó bẹ́ẹ̀. Láàárín ọdún méjìlá, àwọn tó ń kọ ètò ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa ẹ̀ka tí kò níláárí tì ní kíá, kí ẹ̀rọ lè lo agbára rẹ̀ síbi tó yẹ. Eré sísá nìkan kọ́ ni ẹ̀rọ fi ń borí.

Bí ẹni kan bá fẹ́ kí ìdíje láàárín ènìyàn àti ẹ̀rọ dùn ún wò lóde òní, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ fi nǹkan sílẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, bí àgbà ṣe máa ń jẹ́ kí ọmọdé kọ́kọ́ sáré díẹ̀ síwájú kí wọ́n tó jọ sáré. Ní oṣù kìíní ọdún 2016, ètò kan tó ń jẹ́ Komodo bá Hikaru Nakamura, ọ̀kan nínú àwọn tó mú jù ní Amẹ́ríkà, ta ayò mẹ́rin, ẹ̀rọ sì ń fi nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sílẹ̀ nínú ayò kọ̀ọ̀kan, bíi kí ó yọ ọmọ-ogun kan kúrò tàbí kí ó jẹ́ kí Nakamura ta ìgbésẹ̀ mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ta ọ̀mì mẹ́ta, Komodo jẹ ìkẹrin.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2017, ọ̀nà tuntun kan yọ. DeepMind, iléeṣẹ́ Google tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí Demis Hassabis dá sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn mìíràn (òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọdé tó mọ ṣẹ́ẹ̀sì ta púpọ̀), kéde AlphaZero. Wọn kò sọ fún ẹ̀rọ yìí pé ayaba jẹ́ 9 tàbí pé rúùkù jẹ́ 5. Òfin eré nìkan ni wọ́n fún un. Ó bá ara rẹ̀ ta ayò tó lé ní 40 mílíọ̀nù, ó ń fi èsì ayò kọ̀ọ̀kan tún èrò rẹ̀ ṣe nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan tí wọ́n ṣe bí iṣan ọpọlọ. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́sàn-án tó fi kọ́ ara rẹ̀, wọ́n gbé e ko Stockfish nínú ọgọ́rùn-ún ayò: ó jẹ 28, ó ta ọ̀mì 72, kò pàdánù ẹyọ kan. Ká má gbàgbé pé wákàtí mẹ́sàn-án náà kì í ṣe lórí kọ̀ǹpútà ilé ẹnikẹ́ni. Ṣíìpù 5,000 tí Google dìídì ṣe ló ń ta àwọn ayò náà. Àwọn ènìyàn sì ráhùn pé wọn kò jẹ́ kí Stockfish lo gbogbo agbára rẹ̀. DeepMind tún un ṣe lọ́dún tó tẹ̀ lé e nínú ẹgbẹ̀rún ayò pẹ̀lú ìlànà tó dára jù, AlphaZero jẹ 155, ó pàdánù 6, ìyókù jẹ́ ọ̀mì.

Ohun tó mú àwọn grandmaster jí lójú oorun ni ọ̀nà tó gbà ta. AlphaZero ń yẹ nǹkan bí 60,000 ipò wò ní ìṣẹ́jú àáyá kan, Stockfish ń yẹ nǹkan bí 60 mílíọ̀nù. Ìyẹn ni pé ohun tó ń yẹ̀ wò kéré ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún, ṣùgbọ́n ó mọ èyí tó yẹ kó wò. Ó máa ń fi ọmọ-ogun sílẹ̀ láìgba nǹkan kan padà lójú ẹsẹ̀, tí alátakò yóò wá rí i ní ogún ìgbésẹ̀ lẹ́yìn náà pé bíṣọ́ọ̀bù òun kò ríbi rìn mọ́. Ìdájọ́ ni àwọn ènìyàn ti gbójú lé tẹ́lẹ̀: wọ́n máa ń sọ pé ẹ̀rọ lè ṣírò, ṣùgbọ́n kò ní òye. Èyí náà ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Kò pẹ́ tí àwọn olùyọ̀ǹda ara wọn fi kọ irú rẹ̀ tí gbogbo ayé lè lò, Leela Chess Zero. Yu Nasu, ará Japan tó ń ṣiṣẹ́ lórí ṣógì, ìyẹn ṣẹ́ẹ̀sì ilẹ̀ Japan, wá rí ọ̀nà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kékeré irú rẹ̀ fi lè ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà lásán. Stockfish gbà á wọlé ní ọdún 2020. Ó ní eré sísá, ó ní ìdájọ́ báyìí, àwọn ẹ̀rọ yòókù sì ń du ipò kejì lẹ́yìn rẹ̀ nígbà púpọ̀.

Bí ènìyàn bá fẹ́ rí bí ọ̀nà ṣe jìn tó láàárín àwọn méjèèjì, kí ó wo ayò kẹfà nínú ìdíje adé àgbáyé ọdún 2018 ní Lọ́ńdọ̀nù. Fabiano Caruana, ọmọ Amẹ́ríkà, ló ń bá Carlsen ta. Ayò náà ti gùn, ọmọ ayò díẹ̀ ló ṣẹ́kù lójú pátákó, Caruana sì ní dúdú. Ní ìgbésẹ̀ 68, kọ̀ǹpútà kan ní Norway tó ń tẹ̀ lé ayò náà kéde pé Caruana lè borí dandan, pé ó kù nǹkan bí ọgbọ̀n ìgbésẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù ni ó yẹ kó kọ́kọ́ gbé. Ìgbà tí ó bá yá, kó wá ti ẹṣin rẹ̀ wọ ìsàlẹ̀ pátákó lọ́hùn-ún, síbi tí alátakò ti lè há a mọ́. Ẹni tó bá ti kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ti kìlọ̀ fún pé kó má ṣe fi ẹṣin sí irú ibẹ̀ yẹn. Caruana kò rí i, Carlsen kò rí i, kò sì sí grandmaster kankan tó ń ṣàlàyé ayò náà fáyé tó rí i títí ẹ̀rọ fi sọ ọ́. Wọ́n ta ọ̀mì.

Àwọn ibi kan ṣì wà tí ẹ̀rọ ti máa ń ṣìnà, wọn kò kàn pọ̀ mọ́ ni. Bí àwọn ọmọ-ogun ìhà méjèèjì bá kọjú síra wọn tí wọ́n sì dí gbogbo ọ̀nà, tí ẹnikẹ́ni kò lè kọjá, ènìyàn máa ń tètè mọ̀ pé ọ̀mì ló kù. Ẹ̀rọ lè máa sọ pé òun ń borí ní gbogbo ìgbà yẹn, nítorí ó rí rúùkù kan tó pọ̀ jù lọ́wọ́ òun, kò sì mọ̀ pé rúùkù náà kò ríbi wọlé. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn ọ̀ta kan mọ bí wọ́n ṣe ń fi irú odi bẹ́ẹ̀ gba ọ̀mì lọ́wọ́ rẹ̀. Pẹ̀lú nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun, ìyẹn náà ti ṣòro. Ẹni tó bá gba ọ̀mì lọ́wọ́ ẹ̀rọ lónìí ti ṣiṣẹ́ ńlá. Kó jẹ ẹ́ ni kò jọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀.

Nígbà kan, àwọn ènìyàn rò pé bí ènìyàn àti ẹ̀rọ bá para pọ̀, wọn yóò ju ẹ̀rọ nìkan lọ. Kasparov fúnra rẹ̀ ló dá irú ìdíje bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú León ní Sípéènì ní 1998. Nǹkan bí oṣù kan ṣáájú, ó ti na Veselin Topalov ará Bulgaria ní 4 sí 0 nínú ayò tó yára. Ní León, tí olúkúlùkù ní kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, 3 sí 3 ni wọ́n parí sí, nítorí kọ̀ǹpútà ti bo ibi tí Topalov kù sí. Ní 2005, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà méjì tí wọn kì í ṣe ọ̀gá rárá lo kọ̀ǹpútà mẹ́ta, wọ́n sì borí àwọn grandmaster tó ní ẹ̀rọ tiwọn nínú ìdíje kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kìkì nítorí wọ́n mọ bí a ti ń bi ẹ̀rọ ní ìbéèrè. Àkókò yẹn ti kọjá. Bí ènìyàn bá ń dá sí ohun tí Stockfish fẹ́ ṣe lónìí, àfàìmọ̀ kó má bà á jẹ́. Nínú ṣẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ọ̀pọ̀ oṣù, níbi tí òfin ti gbà kí wọ́n lo kọ̀ǹpútà, ọ̀mì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ayò lókè.

Agbára yìí ti yí iṣẹ́ àwọn ọ̀ta padà pátápátá. Kò sí ẹni tó ń díje lókè tí kì í fi ẹ̀rọ múra sílẹ̀. Ìgbésẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí ogún àkọ́kọ́ nínú ayò wọn ló ti máa ń wà lórí wọn kí wọ́n tó jókòó. Ọ̀dọ́mọdé tó wà ní ìlú tí kò ní olùkọ́ lè ní olùkọ́ tó ju Carlsen lọ nínú fóònù rẹ̀. Ẹ̀rọ tún mú ẹ̀tàn wá. Ní 2019, grandmaster kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí òǹkà rẹ̀ ń ga sí i lọ́nà tó ń rú àwọn ènìyàn lójú, ni wọ́n ká fóònù mọ́ lọ́wọ́ ní ilé ìyàgbẹ́ nígbà ìdíje kan ní ilẹ̀ Faransé. FIDE gba oyè rẹ̀, wọ́n sì fòfin dè é fún ọdún mẹ́fà. Nítorí irú ẹ̀tàn yìí, wọ́n ń fi ẹ̀rọ yẹ ara àwọn atayò wò ní ẹnu ọ̀nà ní àwọn ìdíje ńlá, nígbà mìíràn wọ́n sì ń fi àkókò díẹ̀ dá ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ayò dúró kí ìròyìn má bàa tètè dé ìta.

Ohun kan wà tí ẹ̀rọ kò tíì lè ṣe pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Kò mọ ìdáhùn ṣẹ́ẹ̀sì gan-an, ìyẹn bí ayò ṣe máa parí bí ìhà méjèèjì kò bá ṣàṣìṣe rárá. Nínú àwọn eré mìíràn, wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 2002, John Romein àti Henri Bal ní Yunifásítì Vrije ní Amsterdam fi ẹ̀rọ ṣírò gbogbo ipò tó lè wáyé nínú awari, ìbátan ayò ọlọ́pọ́n tí wọ́n ń ta káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ipò tó lé ní 889 bílíọ̀nù ni wọ́n bá nínú rẹ̀, èsì rẹ̀ sì ni pé bí àwọn méjèèjì bá mọ̀ ọ́n ta dé góńgó, ọ̀mì ni. Ní 2007, Jonathan Schaeffer ní Kánádà fi hàn pé ọ̀mì náà ni eré dráfù tí wọ́n ń ta ní Amẹ́ríkà. Ní ti ṣẹ́ẹ̀sì, ibi tí wọ́n dé ni pé bí ọmọ ayò méje tàbí tó dín bẹ́ẹ̀ bá ṣẹ́kù lójú pátákó, àwọn ọba méjèèjì nínú rẹ̀, èsì gbogbo ipò ti wà nínú àkọsílẹ̀. Yunifásítì Moscow ló kọ́kọ́ parí ti ọmọ ayò méje ní 2012. Nínú àkọsílẹ̀ náà, ipò kan wà tó gba ìgbésẹ̀ 549 kí ẹni tó ń borí tó lè parí rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè ṣàlàyé ìdí tí púpọ̀ nínú àwọn ìgbésẹ̀ náà fi dára. Ọmọ ayò 32 ló wà lójú pátákó nígbà tí ayò bá bẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀ta àti àwọn tó ń kọ ẹ̀rọ gbà pé ọ̀mì ni yóò jẹ́, nítorí bí ẹ̀rọ bá ṣe ń lágbára sí i ni ọ̀mì ń pọ̀ sí i láàárín wọn, débi pé nínú ìdíje wọn, àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ ló ń yan ìgbésẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ tí kò dọ́gba fún wọn kí ẹnì kan lè rí ayò jẹ. Ẹ̀rí kò tíì sí.